Àwo Iṣu tí Mo Gbé Síwájú Fóònù

Súmbọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlàkàkà Èkó. Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ mi bí méjì, ọ̀kan ń tiro. Olúwa kò ní jẹ́ ká fi ojú sunkún ọmọ.

Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àyà rẹ má baà máa já. Ṣìkẹ́mi ti jẹun.

O mọ̀ pé búrẹ́dì tí ò ń rà ní Command l'Ékòó nìkan ni ọmọ ọdún mẹ́fà yìí ń jẹ, èyí tí o kó wá nígbà tí o mú un wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi sì ti tán. Mo ra búrẹ́dì tiwa, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fọwọ́ di etí. Mo se ìrẹsì, ó sunkún nítorí pé ọbẹ̀ kan ìrẹsì náà. Ọjọ́ méjì gbáko, omi nìkan. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ìgbà yẹn lo ní kí obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ọ́tísíìmù bíi Ṣìkẹ́mi, tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tiwọn, ní Igando wo bí ọmọ náà ṣe ń jẹun nínú fóònù. Tíṣà Akínbọ́lá, aládùúgbò wa, bá mi gbé fóònù náà ti ife. Bí obìnrin náà ṣe yọjú, mo rí i pé ó rù. A kì í sì í jẹun níwájú àlejò ká má bu tiẹ̀. Mo gbé àwo iṣu síwájú rẹ̀, mo ní kó má tijú. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó ní kí n má wo Ṣìkẹ́mi, kí n má bẹ̀ ẹ́, kí n má halẹ̀ mọ́ ọn, kí n kàn máa jẹ tèmi. Mo ń jẹ tèmi, àmọ́ mo ń fi igun ojú wò ó.

Ọmọ náà na ọwọ́ sí àwo àlejò. Ó mú iṣu, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. Ó tún mú un, ó lá a, ó dá a padà. Ẹnu ń yún mi, mo pa á mọ́. Ìgbà kẹta, ó gé e jẹ. Ẹ̀là mẹ́ta ló jẹ. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ti kú, mo ń gbé e sórí tábìlì, mo sì ń bu iṣu àlejò síwájú rẹ̀.

Dárí jì mí, Súmbọ̀. Nígbà tí mo wá kí yín ní Baruwa, èmi ni mo ní o kẹ́ ẹ ní àkẹ́bàjẹ́, pé pàṣán ni oògùn rẹ̀. Mi ò mọ̀ ni.

Jọ̀wọ́, fi owó iṣu ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ fún obìnrin náà, torí mi ò gbà pé èèyàn lè ti Igando dé Ìlúpéjú abúlé wa níbí nínú fóònù lọ́fẹ̀ẹ́.

Wàá jẹ èrè ọmọ yìí, Olúwa yóò fún ọ lókun. Èmi ni mo bí ọ, mo mọ̀ pé ọjọ́ tí ọmọ kò ti jẹun ni ìwọ náà kò ti fẹnu kan nǹkan. Bu oúnjẹ, kó o jókòó, kó o jẹ ẹ́ tán kó o tó fèsì.

Ìyá rẹ ni.