Bàtà Tí Mo Fi Lu Ọmọ Ọlọ́mọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n, oníbàtà Ítálì,

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kéèyàn kíni dáadáa kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é lónìí. Mo ti lu èèyàn. Mo fi gìgísẹ̀ bàtà lu ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ní Rye Lane ní Peckham, lọ́sàn-án gangan, lójú bàbá tó bí i, ìka rẹ̀ méjì sì kán.

Ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí. Lẹ́yìn tí ẹ kú tí a ti ṣọ́ọ̀bù bàtà yín pa, èdè Ítálì tí mo gbọ́ láti kékeré ni mo gbé ta. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ tó bá fẹ́ wá tajà ní London, èmi ni wọ́n ń pè. Mò ń mú wọn mọ àwọn èèyàn wa tó ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣòwò nílẹ̀ onílẹ̀. Mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ímeèlì lásán wá ẹnikẹ́ni ní Peckham. Kí wọ́n wá fúnra wọn, kí ẹni tí ọlọ́jà mọ̀ sì mú wọn dé ibẹ̀, torí ọmọ tó bá ṣí apá là ń gbé. Kí wọ́n jókòó. Kí wọ́n gba omi tí wọ́n bá gbé fún wọn, bí òùngbẹ ò tiẹ̀ gbẹ wọ́n. Kí wọ́n béèrè àlàáfíà ilé kí wọ́n tó dárúkọ ọjà, kí wọ́n má sì pe àgbà lórúkọ láé. Wọ́n ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní mo gbọ́n.

Tiyín ni ọgbọ́n náà. Ṣé ẹ rántí ọ̀nà tí ẹ gbà kọ́ mi? Ọjọ́ tí mo pe ọ̀gá yín lórúkọ ní ilé iṣẹ́ bàtà ní Ítálì, kí a tó kó wá sí London, bí àwọn ọmọ Ítálì ṣe ń pè é, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nígbà tí a délé, ẹ gbá mi lẹ́nu títí ètè mi fi là. Omi tí mo kọ̀ nílé oníbàárà yín kan ní Nunhead, bẹ́líìtì lẹ fi nà mí nítorí rẹ̀. Ọwọ́ òsì sì ni Ọlọ́run fún mi láti máa fi ṣe nǹkan, òun gan-an lẹ bá jà jù. Tí mo bá fi í na nǹkan sí àgbàlagbà, ẹ ó ní kí n gbé e lé tábìlì, ẹ ó mú bàtà obìnrin kan lórí àtẹ, ẹ ó máa fi gìgísẹ̀ rẹ̀ kan eegun ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Lẹ́yìn náà ẹ ó nu bàtà náà, ẹ ó dá a padà sórí àtẹ. Tí oníbàárà bá sì wọlé tó ń bínú, ohùn jẹ́jẹ́ lẹ ó fi sọ fún un pé ìbínú ò da nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà.

Ẹ̀yin yìí náà lẹ máa ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ dè mí ní okùn bàtà lẹ́ẹ̀mejì kó má baà tú lọ́nà, nígbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo lè dè é fúnra mi. Mi ò mọ èyí tí mo lè mú nínú yín kí n fi èkejì sílẹ̀.

Renato ni orúkọ bàbá ọmọ tí mo lù. Ìlú tí ẹ ti ṣiṣẹ́ gan-an ló ti ń ṣe bàtà àti báàgì, òun àti Chiara ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Alhaja Sidi ni mo fẹ́ mú wọn mọ̀, ọ̀rẹ́ yín, tó ń ta bàtà fún ìdajì àwọn obìnrin wa láti Brockley dé Nunhead. Tí Alhaja bá gba ọjà wọn, iṣẹ́ mi á fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tí kò bá gbà, mo máa padà sídìí fífọ ilẹ̀ ọ́fíìsì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ bàbá àtọmọ. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù Alhaja ní Rye Lane, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, Renato fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò já geere béèrè àwọn ọmọ-ọmọ Alhaja, Alhaja rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí bàtà. Mo mú ẹyọ kan, mò ń fi awọ rẹ̀ han Alhaja. Chiara mú èkejì rẹ̀ nínú páálí, ó sì nà án sí Alhaja. Ọwọ́ òsì ló fi nà án.

Mi ò ronú. Gìgísẹ̀ bàtà tó wà lọ́wọ́ mi ti balẹ̀ sórí ìka rẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo gbọ́ ìró eegun. Mo tún lù ú lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mi ò lè forí ji ara mi, torí mo ti rí ẹ̀jẹ̀ nígbà yẹn. Ọmọ náà ò kígbe. Ó kàn ń wò mí, bíi pé ó ń dúró kí n ṣàlàyé. Àti pé Alhaja ti na ọwọ́ láti gba bàtà náà. Ó ti pẹ́ tí Alhaja ti ń gba owó lọ́wọ́ òsì àwọn òyìnbó, kò tiẹ̀ ṣàkíyèsí ọwọ́ tí ọmọ náà lò.

Renato fo tábìlì kọjá. Ó fi mí lu àtẹ, dígí fọ́ sí wa lára, ó fún mi lọ́rùn títí ojú mi fi ń ṣú. Ó ń sunkún, ó ń pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ran méjì láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ló fà á kúrò lára mi. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín? Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi, ẹ̀rù ò bà mí. Owú ni mò ń jẹ. Mò ń jowú ọmọ náà. Ta ló fo tábìlì kọjá nítorí tèmi rí?

Ọlọ́pàá obìnrin kan wọlé. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, Alhaja fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Listen, ọmọ mi. Sọ fún wọn pé bàtà yẹn slip lọ́wọ́ ẹ. Accident ni. Èmi náà máa back ẹ. Ṣé o gbọ́?”

Mo gbọ́. Irọ́ bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì sí mi. Ní ilé ìwé, mo máa ń ní ilẹ̀kùn ló há mi lọ́wọ́, ẹ̀yin á sì dúró tì mí, ẹ á gbé ọwọ́ lé mi léjìká nígbà tí mo bá ń sọ ọ́ fún tíṣà. Mo mọ̀ pé tí mo bá tún un sọ, iṣẹ́ mi ò ní bọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní mú mi. Ṣùgbọ́n Chiara jókòó síbẹ̀, ìbòrí Alhaja ni wọ́n fi wé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gba inú rẹ̀ jáde, ó ṣì ń wò mí. Mo sọ fún ọlọ́pàá pé mo lù ú ni, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó bi mí pé kí ló dé. Èdè Ítálì ni mo kọ́kọ́ fi dáhùn, kí ọmọ náà lè gbọ́, kí n tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

“Bí wọ́n ṣe lù mí ni mo ṣe lù ú.”

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí jáde sí Rye Lane, níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ mí sí ọmọ yín. Mò ń retí ilé ẹjọ́ báyìí. Àwọn ará Ítálì ò pè mí mọ́. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Chiara, ṣùgbọ́n dókítà ní ìka rẹ̀ tó kéré jù lè má ṣeé ká mọ́. Alhaja ò gbé fóònù mi, Mọ́mì náà ò bá mi sọ̀rọ̀. Kì í ṣe torí ọmọ tí mo lù ni Mọ́mì ṣe ń bínú. Torí ohun tí mo sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá ni.

Wọ́n bi mí níbẹ̀ pé ta ló lù mí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá obìnrin náà mú bírò dání, ó ń dúró. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí, títí kan ọkọ mi. Àárò yín ń sọ mí bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, àárò òórùn gọ́ọ̀mù tó máa ń wà lára ṣẹ́ẹ̀tì yín. Mo sì pe orúkọ yín fún un. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, nítorí náà mo sọ ọ́ fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, orúkọ yín àti orúkọ bàbá yín, mo sì dúró títí ó fi kọ ọ́ tán.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò ní bá yín parọ́ mọ́.