Ohùn Tí A Ò Rí Ẹni Tó Ni Ín

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ geerege? Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní ti sùn kí o tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun kánú. Èmi náà wà, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí bí mo bá fá pákó pẹ́, torí èmi nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù báyìí.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni. O mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, tó ń dá àwọn tí ẹnikẹ́ni ò rí lóhùn, tó ní wọ́n ń bú òun láti inú àjà. Oògùn ilé ìwòsàn ti lé wọn lọ, mo sì dúpẹ́ títí ohùn mi fi há. Àṣé mo ti tètè yọ̀ jù. Bí ariwo yẹn ṣe dákẹ́ ni òun náà dákẹ́, ó kọjú sí ògiri látàárọ̀ dalẹ́, kì í wẹ̀, tábìlì tó ń kàn lọ́wọ́ sì wà níbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Ó ní Bàbá, ó wu òun kí òun sùn kí òun má jí mọ́. Mo kó ayùn àti gbogbo irin iṣẹ́ pamọ́, mo sì mú un lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà.

Dókítà ní kì í ṣe ọ̀lẹ, pé irú ìbànújẹ́ ọkàn báyìí sábà máa ń bá àìsàn yẹn rìn níbẹ̀rẹ̀, àti pé ìbànújẹ́ náà ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ó tún oògùn rẹ̀ wò, ó ní ká máa ṣọ́ ọ, ó sì ní kí obìnrin kan níbẹ̀ máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n ń sanwó oṣù fún un torí ọ̀rọ̀ sísọ, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ ì bá ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tipẹ́.

Obìnrin yìí bi í léèrè ohun tó dùn ún jù. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò pe òun mọ́, pé òun ti di ohun ìtìjú fún ọ. Omi bọ́ lójú mi, torí o ń pè, èmi ni mi ò gbé fóònù fún un. Nọ́ọ̀sì ló sọ níjọ́sí pé ohùn tí a ò rí ẹni tó ni ín ni àìsàn rẹ̀. Mo wá wo fóònù, mo ní kí ló tún wà nínú nǹkan yìí bí kò ṣe ohùn tí a ò rí ẹni tó ni ín? Ni mo bá ń pa á tí o bá ti pè, mo rò pé mo ń gba ọmọ mi là ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún dókítà, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wojú mi, kò rín in mọ́.

Mo ti ṣàlàyé fún àbúrò rẹ pé ọwọ́ mi ló ti wá. Kò gbà mí gbọ́, ó ní mo kàn ń tu òun nínú ni.

Bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọkọ̀ tí a ó máa wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí, ṣáà pè. Ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni fóònù wà báyìí. Bó bá gbé e tí kò sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́, má pa fóònù, máa bá a sọ̀rọ̀ lọ.

Ọlọ́run á dá ẹ sí, á dá òun náà sí. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó sin mí, mi ò ní sin ìkankan nínú yín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.