A Ṣì Wà Níbí

27, Òpópónà Mulberry,
Caddo Bend,
Texas.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Imogene, ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Cornelius ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń gbé e gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n jà? Bá mi kí wọn, kí o sọ fún wọn pé mo gbìyànjú láti ṣe páì ànàmọ́ wọn lọ́jọ́ Àjíǹde, àwọn tó jẹ ẹ́ sì ti dárí jì mí. Èmi náà wà, a dúpẹ́. Ara le, ọkàn ni kò fi bẹ́ẹ̀ le.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o gbà sílẹ̀ sórí fóònù mi, títí kan èyí tí o ti pè mí ní òmùgọ̀, àti èyí tí o fi tọrọ àforíjì, tí o tún pè mí ní òmùgọ̀ nínú rẹ̀. Mi ò gbé fóònù nítorí mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ. Mi ò sì fẹ́ fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí ọ. O mọ bí tiwa ṣe rí ní yunifásítì ìjọba, ẹnikẹ́ni tó bá ti béèrè ló lè ka ohun tí a kọ síra wa, ó sì ti mọ́ mi lára láti máa wo ẹ̀yìn mi kí n tó tẹ ọ̀rọ̀ kan. Báírò ni mo fi kọ èyí. Jókòó kí o rọra kà á.

Fídíò tí o rí yẹn, òótọ́ ni. Graciela Treviño, igbákejì mi, ni obìnrin tó wà nínú rẹ̀. Òun ló gbé oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń pè ní tàmálè wá fún ọ nígbà tí o wá kí mi kẹ́yìn, tí o jẹ ẹ́ tán tí o sọ pé ká ní o ti mọ̀ ọ́n kí Cornelius tó dé, òun ni ò bá fẹ́.

Láti oṣù kìíní tí òfin ìpínlẹ̀ wa tó fagi lé àwọn ọ́fíìsì ìdọ́gba ní yunifásítì ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti yọ pátákó ẹnu ọ̀nà wa. Ọ́fíìsì Ìdọ́gba àti Ìfàmọ́ra, tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sábà máa ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, tí mo ti ń darí láti ọjọ́ yìí wá ti di Ọ́fíìsì Àṣeyọrí Akẹ́kọ̀ọ́. Royce Hadley, ààrẹ yunifásítì wa, ló ronú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní tí a bá yí orúkọ padà, tí a sì jáwọ́ nínú àwọn ìpàdé àti ayẹyẹ tí òfin kà léèwọ̀, àwọn aṣòfin á fi wá sílẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi á sì rí iṣẹ́ wọn ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì ní sọ pé mi ò dúpẹ́. Ìwọ tí o wà ní Minnesota, ó lè ṣòro fún ọ láti gbà pé lọ́yà kan jókòó sáàárín wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tí a kò gbọdọ̀ sọ mọ́ sí wa létí. Ó kà á títí ó fi sú wa. Ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa bá nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ṣì lè kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹ káàárọ̀?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa wádìí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òfin kò dárúkọ, èmi náà kò sì pa á tì. O mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti kọ́ ìdajì rẹ̀. Tí òbí kan bá wọlé tọ̀ wá wá, kọfí la máa kọ́kọ́ bù fún un. A kì í jókòó sẹ́yìn tábìlì dè é, a máa fa àga sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ni. Kò sì sí òbí tó gbọdọ̀ jáde láìgbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu wa: “Ẹ má mikàn, a wà níbí.” Ẹni tí mo bá gbà síṣẹ́, kó tó mọ ibi tí wọ́n ń kó bébà sí ló ti mọ gbólóhùn yẹn.

Nínú oṣù kẹta, lásìkò tí àwọn òbí ń mú àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wá wo ọgbà, ọkùnrin kan wọlé bá Graciela. Ó ní ọmọ òun obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wọ yunifásítì nínú ìdílé àwọn, pé ọmọ náà kò rí oorun sùn, ẹ̀rù ń bà á pé òun nìkan ni yóò dá wà. Ojú ọkùnrin náà pọ́n. Ó ní, “Ṣé ó ti parí nìyẹn, Màdáámú? Kò sẹ́ni tó máa bójú tó o mọ́?” Graciela bu kọfí fún un, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ẹ gbọ́, bàbá. Pátákó lásán ni wọ́n yí. Iṣẹ́ wa ò yí. Ẹ má mikàn, a ṣì wà níbí.” Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó mu kọfí rẹ̀ tán, ó lọ. Kò bí ọmọ kankan. Kámẹ́rà ló wà nínú bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni fídíò náà jáde. “Iṣẹ́ wa ò yí” nìkan ni àwọn tó rán ọkùnrin náà gé sọ́tọ̀, tí wọ́n ń gbé e sí afẹ́fẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn tí Graciela kò mọ̀ rí ń pè é nílé, wọ́n ń bú u. Sẹ́nétọ̀ kan sì pe Royce.

Royce náà wá pè mí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, Imogene, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, kò sì wò mí nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

“Verna, obìnrin yẹn gbọ́dọ̀ lọ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ìwọ lo máa fọwọ́ sí i. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo yín ni wọ́n máa tì pa.”

“Royce, kọfí ló fún bàbá kan.”

“Kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni.”

“Òun ò mọ̀.”

“Mo mọ̀ pé kò mọ̀! Ẹ̀yin méjèèjì ti dá mi lágara o.”

O kò lè mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, torí Graciela kì í sọ ọ́ síta. Kíndìnrín Eusebio ọkọ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí, kò sì tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìnṣọ́ránsì tí Graciela ní lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló ń san owó rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án tó bá yá, àmọ́ kò tíì yá. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Graciela lóṣù yìí, ẹ̀rọ yẹn ló fà yọ lára Eusebio. Royce kò mọ̀, nígbà tí mo sì sọ fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Síbẹ̀ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Mo lọ, mo ronú, mo tún padà lọ bá a. Mo ní, “Ẹni tó kọ́ Graciela ní gbólóhùn yẹn ni kí o lé.”

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni. Èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn.”

Ó ní, “Verna, orí ẹnì kan ni wọ́n fẹ́ rí.”

“Tèmi tóbi ju ti Graciela lọ. Gbé e fún wọn.”

Ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà. Olórí ọ́fíìsì ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn dùn ún gbé sínú ìròyìn ju igbákejì lọ. Graciela yóò máa ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún òbí kankan mọ́ láéláé.

O béèrè lórí fóònù pé ṣé ẹnu mi ti wọ ni, tí mi ò fi bá wọn jà. Ọ̀rẹ́ mi, ìjà náà ì bá gùn, á sì dára lójú, wọn ì bá sì fi ẹ̀mí Eusebio jà á. Mi ò lè ṣe é. Ó dùn mí o. Ó dùn mí débi pé mo ń jí láàárọ̀ tí mo ń wọ bàtà iṣẹ́ kí n tó rántí. Má tún pè mí ní òmùgọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ná.

Tí o bá rò pé Graciela dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, o kò mọ̀ ọ́n. Ó já wọ ọ́fíìsì mi, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ gbà mí sílẹ̀? Ṣé mo bẹ̀ yín ni?”

Mo ní kó jókòó. Ó ní òun ò jókòó.

“Ẹ̀yin ti lọ ní tiyín, ọ̀gá. Kí lẹ ní kí n máa wí fún àwọn tó bá wọlé wá? Kí n bu kọfí fún wọn, kí n wá máa wò wọ́n lójú bí ọmọlángidi?”

Ó jáde, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi di ọjọ́ tí mo lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni mo kó ẹrù mi. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ àti káàdì ìdánimọ̀ padà, Graciela sì ń bá mi fi ìwé ìròyìn wé àwọn kọ́ọ̀bù. Ni ọkùnrin kan bá kanlẹ̀kùn. Ó wọ bàtà àwọn tó ń da màlúù, fìlà ńlá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní mo rí i lójú títì ni, màá ti búra pé òun ló dìbò fún gbogbo àwọn tó ṣòfin náà. Bóyá òun náà ni, mi ò béèrè. Orúkọ rẹ̀ ni Kessler. Adití ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, yóò wọlé ní oṣù kẹjọ, wọ́n sì ti ń rán bàbá yìí láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn láti àárọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan yóò máa wà ní kíláàsì tí yóò máa fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ olùkọ́ fún un.

Graciela ti bu kọfí kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ọmọ náà ní láti mú wá. Ọkùnrin náà ń mi orí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ẹni tó bá ti bá òbí ṣe tipẹ́ yóò mọ̀.

Ó ní, “Màdáámú, mo ti gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, tí mo bá fi ọmọ yìí sílẹ̀ níbí, ṣé èèyàn kankan ṣì wà?”

Graciela la ẹnu. Mo rí ojú rẹ̀ tó kúrò ní ojú ọkùnrin náà, tó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó ń ti ara bọ́tìnì kan lọ sí òmíràn. Obìnrin tó ti ń di ọwọ́ àwọn òbí mú láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Bàbá náà tẹjú mọ́ àyà ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ó rò pé oúnjẹ ló ta sí òun láṣọ, ó ń fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n nù, ó ní, “Ẹ má bínú.”

Omijé bọ́ lójú mi, Imogene. Mo gbé kọ́ọ̀bù tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

“Ẹ má mikàn, bàbá,” mo ní. “A ṣì wà níbí.”

Ó yíjú sí mi. “Ṣé ẹ̀yin ni ọ̀gá?”

“Rárá o. Mi ò ṣiṣẹ́ níbí mọ́. Ìyẹn ni mo fi lè sọ ọ́.”

Ó wo èmi, ó wo àwọn páálí mi nílẹ̀, ó wá wo Graciela. Graciela mú kọ́ọ̀bù ọkùnrin náà tó ti ṣófo, ó tún un bù kún dẹ́nu, ó sì fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní, “Ẹ sọ fún mi, kí ni ọmọ yín fẹ́ràn láti máa jẹ?”

Nípa iṣẹ́ tí o ní ó ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Jẹ́ kí n sunkún tán ná. Kí Cornelius fún mi, kí o kí àwọn ọmọ, kí o sì bá mi bẹ Màmá pé kí wọ́n máa rántí Eusebio nínú àdúrà wọn.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ọ́fíìsì mọ́,

Verna Gaither.