Ọmọ Tó Sùn Láyà Ìyá Ọkọ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Ọmọ tuntun rẹ sùn fọnfọn láyà ìyá ọkọ rẹ, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bíi pé àwọn gan-an ló bí i. Inú mi dùn. Ó dùn gan-an ni.

Mo sọ fún ọ pé ikọ́ ló dá mi dúró sí ilé ìwòsàn yìí. Irọ́ ni. Wọ́n rí kókó wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró mi, dókítà ní ó jọ jẹjẹrẹ. Nígbà tí wọ́n gé díẹ̀ yẹ̀ wò, irú fáíbírọ́ìdì tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ yọ nínú ilé ọlẹ̀ mi lọ́jọ́sí ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró; dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n kàn ṣì fẹ́ máa ṣọ́ mi ni, má dààmú.

Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi rí fọ́tò náà, ó bi mí pé, "Màmá, ta ló gbé ọmọ yìí?" Mo ní ẹni tí ìwọ àti ọkọ rẹ gbà síṣẹ́ láti máa gbé ọmọ ni. Ó ní, "Obìnrin náà mà rẹwà o." Mo fi fọ́tò náà pamọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Tí ìyá náà bá ti bọ́ sí balùwẹ̀, yára sọ fún ọmọ náà pé ó ní ìyá àgbà mìíràn.

Èmi ni ìyá rẹ.