Bẹ́ǹsì Wa Ti Lọ Ilé Ọkọ

Wásinmi, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1983.

Títílọlá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Olúbọ̀dé, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí onílé yín ní Yábàá, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó fi kún owó ilé. Àwa náà ń bẹ láyọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti rọlẹ̀, ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, ìyá rẹ sì ní kí n bẹ̀ ọ́ kí o má bínú títí wàá fi ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀. Èmi ò mọ ohun tó fa ọ̀rọ̀ ìbínú, nítorí ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá: Bẹ́ǹsì wa ti lọ ilé ọkọ.

O ṣáà mọ̀ pé ọdún tí a bí ọ gan-an ni mọ́tò yẹn ti ilẹ̀ Jámánì dé, tí ọ̀gá mi, Alhaji Sàlàhúdíìnì oníṣòwò obì, fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo fi wà á fún un, kó tó kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi í ta mí lọ́rẹ. Kò dípẹtà níbì kan. Awọ ìjókòó rẹ̀ ṣì ń dán bí obì tuntun. Nígbà tí mo rí páànù rà lọ́jọ́sí, orí abà rẹ̀ ni mo kàn án sí, tí èmi àti ìyá rẹ ń fi abọ́ gbe òjò nínú yàrá. O wá kọ̀wé pé ká tà á, ká fi owó rẹ̀ pààrọ̀ páànù ilé kí òjò ọdún yìí tó dé, mo sì gbà, nítorí páànù wa ti lu bí asẹ́.

Ìwé ìròyìn tí o fi ìpolówó rẹ̀ sí dé ọ̀dọ̀ wa. Inú mi dùn nígbà tí mo rí orúkọ mi, àmọ́ ó yà mí lẹ́nu pé fọ́tò mọ́tò ni wọ́n tẹ̀, wọn ò tẹ tèmi. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ, mo wá ń wo ẹ̀yin méjèèjì. Ìgbà náà ni mo sọ fún ara mi pé a kì í ta irú èyí bí ẹni ta ewúrẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò wá tọrọ rẹ̀ bí a ti ń tọrọ ọmọ.

Ẹni àkọ́kọ́ ti Èkó wá. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn fi bàtà ta táyà mọ́tò nípàá. Mo bi í bóyá bó ṣe ta ìyàwó rẹ̀ nípàá náà nìyẹn kó tó fẹ́ ẹ. Ó yọ ìwé pélébé kan fún mi, ó ní ṣẹ́ẹ̀kì ni. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta: kò kí mi, kò béèrè ìyá rẹ, kò sọ ẹbí tó ti wá, orúkọ mi àti iye owó àti ìfọwọ́sí rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà ìtọrọ. Mo dá a padà fún un, mo ní kó lọ tún un kọ dáadáa. Kò padà wá mọ́, èmi náà kò sì wá a.

Ẹnì kejì ni Dìran, dókítà ẹranko ní Ìbarà. Kó tó wo mọ́tò, ó ti dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó lọ mú àgbà ilé rẹ̀ wá. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé, ó mú ìyá rẹ̀ tó ń pa aró ní Ìtòkú wá, pẹ̀lú oyin, obì, orógbó àti ataare. Mo ti ṣe ìwádìí wọn. Wọn kì í mutí, baba rẹ̀ sì lo kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo títí ó fi kú.

Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà sórí ẹní, kò dín kọ́bọ̀. Mo súre sí owó náà, mo sì kó gbogbo rẹ̀ padà lé e lọ́wọ́, mo ní àwa kì í ta ọmọ ní ìdílé Ọláògún. Ìyá rẹ ń fa aṣọ mi lẹ́yìn, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Títí, lọ́jọ́ tí Olúbọ̀dé gbé owó orí rẹ wá, ṣebí bí mo ti dá a padà nìyẹn, tí gbogbo yín pàtẹ́wọ́ fún mi, tí ìwọ fúnra rẹ sunkún ayọ̀? Ṣé mo wá lè ṣe é fún ọmọ kan kí n má ṣe é fún èkejì? Dìran ní òun ò lè gbà á, mo ní bí kò bá gbà á, kò ní mú ọmọ lọ. Ni ìyá rẹ̀ bá kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè a lọ sí ọ́fíìsì láti yí orúkọ mọ́tò padà. Fọ́ọ̀mù bi mí ní ìdí tí mo fi ń gbé e fún ẹlòmíràn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti tó ọkọ ní. Akọ̀wé kà á, ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo mọ̀ pé òun náà ní láti ti fa ọmọbìnrin fọ́kọ rí.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an nìyí. Dìran ló wà á lọ. Mo fẹ́ jókòó níwájú, ó ní rárá, ó sì ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi, ní igun tí ọ̀gá mi máa ń jókòó sí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń nu igun yẹn, n ò fìdí kàn án rí. Nígbà tí a kọjá gáréèjì, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi rí mi, mo sì rọra gbọ́wọ́ sókè sí wọn, bí ọ̀gá mi ti máa ń ṣe. Orí mi wú, ọmọ mi. Mo sunkún dé Ìbarà.

Ní ti páànù ilé, jọ̀wọ́ fi owó ìdìpọ̀ mẹ́ta ránṣẹ́, kí o fi owó bàtà tuntun kún un, nítorí a ní láti lọ kí ìyàwó nílé rẹ̀. Má dààmú nípa òjò. Èmi àti ìyá rẹ ti kó ẹní wa lọ sí abà mọ́tò, ibẹ̀ kò jò rárá.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà sọ ọ́ di ẹni tí à ń ṣílẹ̀kùn fún. Ilé rẹ kò ní tú, ọ̀nà rẹ kò ní dí.

Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, Dìran sì mọ̀. Ohun tí mo sọ fún ọkọ rẹ lọ́jọ́ náà ni mo sọ fún òun náà: bí ọmọ mi bá sú ọ, má nà án, má sọ ọ́ síta, dá a padà fún mi. Mo ṣì wà láàyè.

Èmi ni baba rẹ,
Túbọ̀sún Ọláògún.