Ààwẹ̀ Tí Kò Ní Àdúrà Nínú

Odode, Ìdànrè.

Olútóyìn ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ilé tí ẹ ń gbé àti ẹni tó ni ín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ. Èmi náà wà, orúnkún ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì dá ṣáká. Kòkó so dáadáa lọ́dún yìí, àwọn tó ń bá wa ṣe oko ní Atosin sì ní kí n kí ọ.

Ọmọ ilé kejì ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù, mo kọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ gba ojú ọ̀run, kí àwọn ará Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ máa gbọ́ ọ lọ́nà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Nígbà tí o fi Ayọ̀mípọ̀sí ránṣẹ́ sí mi fún họ́lídè, o ò sọ fún mi pé ọmọ ń gbààwẹ̀. Mo gún iyán, ó ní òun ti yó. Mo se ẹ̀wà, ó ní inú ń run òun. Omi àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń mu ṣáá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Inú mi dùn, mo lọ fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí Ìyá Àjàgbé, tí ọmọ tirẹ̀ kì í dúró di aago mẹ́wàá láìjẹ àkàrà, wá wo ọmọ tí èmi bí ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Wòlíì Ògúnníyì ní kó wá dúró níwájú pẹpẹ, torí agbára gbọ́dọ̀ ti pọ̀ lára rẹ̀. Orin méjì péré la kọ, ọmọ ṣubú gbì! Ṣọ́ọ̀ṣì gbaná. Agogo ń dún, wọ́n ní ẹ̀mí ti gbé e, akọ̀wé ìran ti kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú bírò àti ìwé, ó ń retí iṣẹ́ tí Olúwa rán. Ayọ̀mípọ̀sí la ẹnu, ó ní ebi ń pa òun. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Wòlíì ní ẹ ò gbọ́, ìyàn ń bọ̀, kí kálukú lọ ra gàrí pamọ́. Mo ní ìyàn wo, Wòlíì, ọmọ yìí ni ebi ń pa! Mo gbé e sórí ọ̀kadà tèmi ti ẹ̀wù funfun lọ́rùn, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì gbé fọ́ọ̀mù fún mi, ó ní kí n kọ ìwọ̀n ọmọ síbẹ̀. Mo kọ "Ó tó." Ó ní nọ́mbà lòun ń fẹ́. Mo bi í bóyá kòkó ni mo gbé wá tà. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ọmọ sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó ní àìsàn ni, inú ọkàn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kí n má fi ipá bọ́ ọ, kí n máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí n bá a jókòó jẹ ẹ́, kí n sì mú un lọ rí dókítà ní Àkúrẹ́. A ti lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà tí a délé ló tó sọ òótọ́ pé ààwẹ̀ kọ́, òun ò fẹ́ sanra ni. Ó fi Stephanie kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya fọ́tò ara wọn fáyé wò, hàn mí nínú fóònù, èjìká rẹ̀ yọ bíi háńgà, ó ní bẹ́ẹ̀ lòun fẹ́ rí. Àánú ọmọlọ́mọ ṣe mí. Mo ní kó bá mi wá ìyá rẹ̀ kí n fi iṣu ránṣẹ́ sí i, ó ní òun ò mọ̀ wọ́n. Ojoojúmọ́ ni gbogbo ayé ń wò ó nínú fóònù, ẹnikẹ́ni ò bi í bóyá ó ti jẹun! Mo ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdúrà àwọn aláìsàn.

Ṣùgbọ́n Stephanie kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ní ìwọ ni. Ó ní o máa ń pe òun ní òròbó níwájú àlejò, o sì máa ń fa ẹran apá òun bí ẹni ń ná ewúrẹ́. Olútóyìn, ta ló bí ọ? O ò rí ìdí tèmi ni? Orí ìdí yìí ni mo jókòó lé tí mo fi fọ́ kòkó tó rán ọ lọ sí yunifásítì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ tí o dá jẹ iyán tí mo gún fún àlejò mẹ́ta, mi ò pè ọ́ ní nǹkankan.

Nítorí náà, bí o bá ń bọ̀ wá mú un, ìwọ ni kí o bẹ̀ ẹ́, lójúkojú. Bí o ò bá bẹ̀ ẹ́, o ò ní mú ọmọ lọ, kí ìwọ àti ọkọ rẹ máa lọ tọ́ Stephanie.

Lánàá, ó jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ kan àbọ̀. Mi ò pariwo, nọ́ọ̀sì ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn wọ yàrá lọ jó, mo sì jáde.

Fi owó ọkọ̀ Àkúrẹ́ ránṣẹ́, àti ti aṣọ. Awakọ̀ ni kí o fi rán, má fi sí báǹkì, ẹ̀rọ wọn a máa bi mí ní ọ̀rọ̀ àṣírí mi níta gbangba. Mo ti mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, mo ní kó rán an bí ara rẹ̀ ṣe rí lónìí, kó sì fi àyè sílẹ̀ nínú, torí ó ṣì ń dàgbà.

Olúwa yóò bùkún ọwọ́ rẹ àti ẹsẹ̀ rẹ. Yóò bùkún ẹnu rẹ jù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbílọlá.