Mẹ́dàlì Àyà Ọ̀tún

Ilé Ṣọ́jà,
Òkè-Ọ̀pẹ.

Morádéyọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀ní, ọmọ tí mo bí tí ayé ń kí mi kú oríire,

Mo kí ọ láàárọ̀, mo kí ọ lọ́sàn-án, mo kí ọ lálẹ́, torí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Láyọ̀ ọmọ rẹ le? Ẹ kú òtútù Johannesburg. Níbí, òjò ló ń rọ̀, àgbàdo ti gbó, orúnkún mi ń dùn mí díẹ̀ ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n má rìn. Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ iyì bàbá rẹ. Àmín.

Lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ níjọ́sí, o ní àpòòwé nìkan lo rí lójú fóònù. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ pa kí wọ́n tó yà á ní fọ́tò, kí àwọn tó wà lójú ọ̀nà má baà kà á, torí láti ibí dé South Africa kì í ṣe ọ̀nà kékeré, àwọn ará Kàmẹrúùnù wà níbẹ̀, àwọn ará Kóńgò wà níbẹ̀. Èyí, mi ò lẹ̀ ẹ́. Mo ti ní kí Toheeb, bíríkìlà tó ń bá mi ṣiṣẹ́, yà á ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà á lọ́nà kó kà á. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ mọ́.

Sọ fún Láyọ̀ pé mo gbọ́ ohùn ẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó ń kàwé dáadáa, ó ní shap, Grandpa. Toheeb ní ó ń sọ pé orí mi pé. Ọmọ yẹn mọ èèyàn. Èmi tí mi ò ju praimárì tíríì lọ, tí mo fi mọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, mo kọ́lé, mo ra ọkọ̀ tó ń kó yanrìn, mo rán ọ ní yunifásítì títí o fi di akáńtáǹtì. Shap ni mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó o sọ pé takisí yín máa ń dúró de rọ́bọ́ọ̀tì oníná pupa lójú títì kó tó gbé ọ dé ibi iṣẹ́ ní Randburg, inú mi ò dùn sí i. Ẹ̀rọ tó dà bí èèyàn ò mọ aláboyún, kò mọ àgbà. Tó o bá ti ń kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀, máa kí i, má bá a jiyàn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. O mọ fọ́tò bàbá mi tó wà lókè ilẹ̀kùn pálọ̀, èyí tí wọ́n ti wọ kóòtù, tí mẹ́dàlì mẹ́ta rọ̀ sí àyà ọ̀tún wọn, ìràwọ̀ méjì àti ọ̀kan roboto tí orí ọba wà lára ẹ̀. Torí fọ́tò yẹn ni gbogbo ìlú ṣe ń pe bàbá mi Títù ní Bàbá Ṣọ́jà, tí wọ́n ń pe èmi ní Ọmọ Ṣọ́jà. Orúkọ yẹn ni mo fi ta búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù Ọmọ Ṣọ́jà kì í fọ́, bí mo ṣe kọ ọ́ sára ọkọ̀ nìyẹn, àwọn èèyàn sì gbà á gbọ́, òun ló sanwó ilé-ìwé rẹ. Nígbà tí mo rí i pé ọjọ́ ń lọ, mo ní mi ò ní kú láìṣe ère bàbá mi síwájú ilé. Toheeb ló fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n, ó sì jọ wọ́n débi pé mo kí i láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àpá kékeré tó wà lókè ojú òsì wọn, níbi tí imọ̀ ọ̀pẹ ti gé wọn, Toheeb ò gbàgbé ẹ̀. Mẹ́dàlì náà wà láyà ọ̀tún. Tapólì la fi bò ó. Ó kù ká kọ orúkọ bàbá mi àti orúkọ mẹ́dàlì wọn sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ká ṣí i lójú gbogbo ìlú lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí tí mo ṣe fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí ọ nìyẹn, pé kó o bá mi béèrè orúkọ àwọn mẹ́dàlì yẹn lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Èsì tó o fi ohùn rán, mo gbọ́ ọ, mo ní kí Toheeb tún un fi. O ní ìyá onílé yín ní Turffontein, ìyá òyìnbó arúgbó yẹn, rí fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ, wọ́n fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, wọ́n ní èyí tó rí roboto yẹn, bàbá tàwọn náà ní irú ẹ̀, àti pé ọ̀kan nínú ìràwọ̀ méjèèjì, àwọn tó ja ogun Bọ́mà nìkan ni wọ́n ń fún. Mo ti ń rẹ́rìn-ín, mo ti ń wo ojú Toheeb. Àfi bó o ṣe ní wọ́n gbójú sókè, wọ́n bi ọ́ pé, “Ta ló kú fún ọkùnrin yìí?”

O ní wọ́n ṣàlàyé pé ẹni tó bá fúnra ẹ̀ gba mẹ́dàlì, àyà òsì ló ń fi í sí. Ẹni tó bá fi í sí ọ̀tún, ti òkú ẹbí ẹ̀ ló gbé wọ̀. O ní ìwọ náà wá rántí pé lọ́jọ́ Sunday oṣù kọkànlá tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí àwọn ológun, ọ̀tún ni ìyá náà fi mẹ́dàlì bàbá wọn sí.

Inú bí mi. Mo ní kí ni òyìnbó mọ̀ nípa ọ̀tún àti òsì. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọmọlúàbí wo ni ọba máa fún ní ohun iyì, tó máa wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhà ọwọ́ tí a fi ń nùdí? Ohun tí mo sọ fún Toheeb náà nìyẹn nígbà tó ń mọ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo ní fóònù ló yí i padà. Mo mọ ìwà fóònù. Ìgbà tí Toheeb nawọ́ fóònù síwájú tó ya èmi àti òun pọ̀, aago ọwọ́ òsì mi bọ́ sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Mo bá gun àga, mo gbé fọ́tò gan-an kúrò lára ògiri, mo wá àpá ojú bàbá mi. Òsì ló wà, ibi tó wà nígbà ayé wọn, ibi tí mo máa ń wò tí wọ́n bá ń bá mi wí. Fọ́tò ò yí padà. Ọ̀tún ni mẹ́dàlì wà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè mọ̀ ọ́n. Mo gbé fọ́tò sábẹ́ abíyá, mo lọ bá Màmá Ìbíjọkẹ́, àbúrò bàbá mi obìnrin, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́ ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò tíì kú. Wọ́n ní ṣé mo tún wá fi bàbá mi yangàn ni. Mo ní rárá, mo sọ ohun tí ìyá òyìnbó sọ. Wọ́n fi ìka wá ibi tí mẹ́dàlì wà lójú gíláàsì. Wọ́n wá ní, “Bọ̀ọ̀dá Ọláìtán ló ni ín. Ìyá wa ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé wọ́n kú.”

Báyìí ni wọ́n ṣe rò ó fún mi. Ọláìtán ni àkọ́bí ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọláìtán ló lọ sí Bọ́mà. Bàbá mi ò lọ síbì kankan, oko ni wọ́n wà. Ogun parí, àwọn tó lọ ń bọ̀, Ọláìtán ò bọ̀. Páálí kékeré kan ló dé, mẹ́dàlì mẹ́ta wà nínú ẹ̀. Ẹni tó mú un wá ní kí ìyá tẹ̀ka pé àwọn gbà á. Ìyá ní àwọn ò tẹ̀ka, pé ẹni tó bá tẹ̀ka ti gbà pé ọmọ àwọn kú. Ìka bàbá mi ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ìyá ní àwọn ò fẹ́ wò ó nínú páálí, láyà èèyàn làwọn fẹ́ ti rí i. Tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti ṣe ṣọ́jà rí ló fi í sí àyà ọ̀tún bàbá mi, tó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n sì ya fọ́tò. Fọ́tò dé ara ògiri, ẹni tó bá wọlé a ní, Títù, o ti di ṣọ́jà. Tí bàbá mi bá ní kì í ṣe tàwọn, wọ́n ní láti sọ ẹni tó ni ín, wọ́n á sì sọ pé onítọ̀hún kú, etí ìyá á gbọ́. Wọ́n bá ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí ìyá fi máa kú, ó ti mọ́ ìlú lẹ́nu. Màmá Ìbíjọkẹ́ ní inú pósí ìyá ni bàbá mi kó mẹ́dàlì náà sí, pé kí ìyá bá wọn gbé e fún ẹni tó ni ín.

Àbẹ̀ní ọmọ mi! Mo rántí pé tí mo bá ní kí bàbá mi sọ ìtàn ogun, wọ́n á mú àdá, wọ́n á gba oko lọ. Èmi rò pé ológun gidi kì í ròyìn ogun ni. Mo rántí yàrá kékeré ẹ̀yìnkùlé tí wọn ò fi rẹ́ǹtì fún ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ń gbá láràárọ̀. Èmi rò pé ìbọn wọn ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, èmi ni mo kọ́kọ́ jálẹ̀kùn. Mi ò bá ìbọn. Ẹní kan ni mo bá nílẹ̀, ní títẹ́ de Ọláìtán.

Toheeb ti gbé òòlù dé. Ó ní ká gé mẹ́dàlì kúrò lọ́tùn-ún, ká mọ òmíràn sósì, ká sọ pé Ọláìtán nìyẹn, ó tán. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ojú tó wà lára ère yẹn, ojú bàbá mi ni, àpá jẹ́rìí. Ọláìtán ò ní fọ́tò, kò bímọ, a ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àyà bàbá mi nìkan ló ní láyé. Tí a bá tún gé e kúrò níbẹ̀, ibo ni kó lọ? Ohun tí Toheeb máa kọ ni pé: Ọláìtán, tó lọ sí ogun Bọ́mà. Títù àbúrò rẹ̀ ló gbé e dání. Olówó ti ṣe ère lágbègbè yìí, ṣùgbọ́n ère kan tó gba ẹni méjì, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Ẹni tó bá ń retí pé ojú á tì mí lọ́jọ́ ìkórè, kó wá jókòó níwájú. Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi ò sì yí padà, torí búlọ́ọ̀kù ò fọ́. Òwe yẹn náà ò parọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni bàbá mi fi júwe ilé ẹ̀gbọ́n wọn. Àwa la ò wo ibi tí ọwọ́ ń júwe.

Fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, dúdú àti aláwọ̀ góòlù, kó o fi ti ewúrẹ́ tí a máa pa fún àlejò kún un. Báńkì ni kó o san án sí. Má fi í sínú fóònù bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń ṣe, fọ́tò ti kún inú tèmi, mi ò mọ ibi tí owó máa dúró sí. Bá mi kí ìyá onílé. Sọ fún wọn pé ẹni tó kú fún ọkùnrin yẹn ti lórúkọ. Tí oṣù kọkànlá bá dé, kí ìwọ àti Láyọ̀ tẹ̀ lé wọn lọ síbi ìrántí náà. Mẹ́dàlì ò sí lọ́wọ́ wa mọ́. Gbé ọwọ́ lé àyà rẹ lọ́tùn-ún, kó o pe Ọláìtán.

Ó ku ọ̀kan. Ìyá bàbá mi ní ọmọ lẹ́yìn odi, páálí ló dé. Èmi náà ní ọmọ lẹ́yìn odi. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń sọ pé ọmọ mi wà ní South Africa, àyà mi á gbòòrò. Ó ṣì ń gbòòrò, ṣùgbọ́n tí mo bá ń kọjá lẹ́nu yàrá yẹn báyìí, mo máa ń yà wò ó. Mo ti ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, oní-fóòmù gidi, fún ìwọ àti Láyọ̀. Ẹ wá bá wa ṣe ìkórè. Tí ọ́fíìsì ò bá gbà, sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n gbà.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n tẹ̀ka gba ohun rẹ. Ohun iyì tí ayé bá fún ọ, àyà òsì ìwọ gan-an ni yóò máa wà títí o fi máa hewú. Ẹsẹ̀ tó o fi jáde nílé bàbá rẹ, òun náà lo máa fi wọlé wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínfẹ́mi, ọmọ Títù tó jẹ́ àbúrò Ọláìtán.